Bí mo ṣe rí wọ́tà pọ́ǹpù tó bá DAF mi mu

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó wọ́tà pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tó ń gbé omi káàkiri ẹ́ńjìnnì kó má baà gbóná jù, fún ọkọ̀ akẹ́rù DAF kan ṣoṣo, nígbà tí àlùbọ́sà tó kó láti Kánò ń jẹrà ní Tafa, lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá.

Mẹkáníìkì tú pọ́ǹpù tó ń jò náà kíá. Rírà òmíràn ló di ogun. Mo sọ fún oníṣòwò kan ní Zuba pé XF95 ni ọkọ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Alàájì, XF ni gbogbo wọn,” ó sì ta pọ́ǹpù ti XF105, irú DAF mìíràn, fún mi. Nígbà tí a gbé e sẹ́nu ẹ́ńjìnnì, ihò bóòtù rẹ̀ kọjú sí ìhà ibòmíràn. Mo gbé e padà lọ, ó ní ohun tí mo bèèrè ni òun tà. Inú bí mi gan-an, nítorí ẹni tó ń ta ẹ̀yà DAF ló yẹ kó mọ ìyàtọ̀ yìí ju èmi lọ.

DAF, ilé iṣẹ́ tí Hub van Doorne dá sílẹ̀ ní Eindhoven, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, lọ́dún 1928, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù lọ́dún 1949, gbé 95XF jáde lọ́dún 1997. Lọ́dún 2002 ni wọ́n sọ ọ́ di XF95, tó ń lo ẹ́ńjìnnì lítà 12.6. XF105 dé lọ́dún 2005, ẹ́ńjìnnì MX oní lítà 12.9 ti PACCAR, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ra DAF lọ́dún 1996, ló sì wà nínú rẹ̀. Iwájú wọn jọra, inú wọn kò jọra rárá.

Mo fi àkísà tí a rẹ sínú epo bẹntiróòlù nu ọ̀rá kúrò lára ẹ́ńjìnnì títí nọ́ńbà rẹ̀ fi hàn, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan ará Ìlọrin tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Kàdúná. Èyí tó fi ránṣẹ́ wọlé wẹ́rẹ́. Orí mi wú. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ara ilẹ̀kùn, torí wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù àtijọ́ ni kí ẹ mú dání, kí ẹ sì ṣàdéhùn dídá ọjà padà kí ẹ tó sanwó.

Owó mi ṣì wà lọ́wọ́ oníṣòwò Zuba. Ó ní bí òun bá rí ẹni ra pọ́ǹpù náà ni òun yóò dá owó mi padà.