Bí ẹ ṣe lè ta àdìrẹ fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àdìrẹ pẹ̀lú mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ẹ má tíì sanwó fún ẹni tó ní òun máa ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún yín. Ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí ará Kánò rajà lọ́wọ́ wa: kò mọ̀ wá, owó rẹ̀ lè wọgbó. Ẹ̀rù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lé.

Ẹ gba WhatsApp Business sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ to ọjà yín síbẹ̀, kí ẹ kọ iye owó sí i gbangba. Ẹni tó bá béèrè iye tí ẹ ní kó wá sí DM máa rò pé ẹ fẹ́ wojú òun dá iye ni. Ìta ni kí ẹ ti ya àwòrán, ní òwúrọ̀. Iná ṣọ́ọ̀bù kì í jẹ́ kí àwọ̀ aró hàn bó ṣe rí. Ẹ na aṣọ sílẹ̀ kí wọ́n rí i pé yáàdì márùn-ún pé. Oníko (èyí tí wọ́n so kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró) ni àbí ẹlẹ́kọ (èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sí lára), ẹ sọ ọ́. Bí aró rẹ̀ bá máa ń ṣí, ẹ sọ ìyẹn náà, kí ẹ ní kí wọ́n dá a fọ̀. Èmi máa ń fọ ègé kan níwájú fóònù, màá sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Kì í gùn, torí dáta oníbàárà ló ń jẹ. Fídíò yẹn ń tajà fún mi ju àwòrán tó dára jù lọ.

Ẹ̀rù yìí náà ni Jumia, ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2012, rí tó fi ní kí èèyàn sanwó nígbà tí ọjà bá dé. Agbára wa ò gbé e: bí wọ́n bá kọ ọjà, àwa la máa san owó àlọ àti àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tuntun fi ìborùn kan dán yín wò ná. Ẹ má sì gba àwòrán alẹ́ẹ̀tì gbọ́. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín kí ẹ rí i pé owó wọlé.

Owó mọ́tò, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó ọjà. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà, nítorí náà ẹ béèrè mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù kejì. Tí ẹ bá gbé ẹrù dé gáréèjì Kútọ̀, ẹ ya àwòrán nọ́ńbà mọ́tò, ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà, kí ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí oníbàárà kí mọ́tò tó gbéra.