Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Jiyàn Lórí Bullpen àti Pàṣípààrọ̀ Agbábọ́ọ̀lù

Nígbàkúgbà tí oṣù keje bá ti ń lọ sópin ní Amẹ́ríkà, tí gbèdéke pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù sì ti ku ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń gba ẹnu àwa olólùfẹ́ eré náà: ẹgbẹ́ wa ń gbá dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jáde láti inú bullpen ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bullpen ni ọgbà kékeré tí ó wà lẹ́bàá pápá, níbi tí àwọn ajubọ́ọ̀lù arọ́pò ti ń na ara kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ránṣẹ́ pè wọ́n láti wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ eré. Orúkọ ibẹ̀ náà ni a sì fi ń pe àwọn arọ́pò wọ̀nyí lápapọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Maryland tí mo sì ti ń tẹ̀lé Washington Nationals, mo ti jókòó sídìí irú àríyànjiyàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn níhìn-ín.

Ọdún 2019 ni ó là mí lójú jù lọ. Nínú eré 50 àkọ́kọ́ ní ọdún náà, 19 péré ni Nationals borí, bullpen wọn sì ni ó burú jù lọ ní National League (ọ̀kan nínú líìgì méjì tí ó para pọ̀ di líìgì ńlá) títí sáà fi parí, pẹ̀lú ERA 5.66. ERA ni iye ayò tí ajubọ́ọ̀lù ń jẹ́ kí ó wọlé ní ìpíndọ́gba fún íníǹgì mẹ́sàn-án, ìyẹn ìpín mẹ́sàn-án tí eré kan ní, láìka èyí tí àṣìṣe àwọn tí ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀ bá fà. Ojoojúmọ́ ni èmi àti àwọn tí a jọ ń wòran máa ń ta agbábọ́ọ̀lù, tí a sì máa ń ra òmíràn, lórí àga ìjókòó wa.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù, tí ó sì bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù, ni kí a máa fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣèdájọ́ arọ́pò. Ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ eré lè ṣe íníǹgì 180 láàárín sáà kan, ṣùgbọ́n ti arọ́pò kì í sábà kọjá 60 tàbí 70. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní arọ́pò kan ti ṣe íníǹgì 20 láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí ayò 4 péré sì ti ọwọ́ rẹ̀ wọlé: ERA rẹ̀ jẹ́ 1.80, gbogbo wa ni a ó sì máa yìn ín. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó jáde, kò rí ẹyọ alùbọ́ọ̀lù kan lé kúrò, ayò 5 sì wọlé lé e lórí. Lójú ẹsẹ̀, ERA rẹ̀ ti di 4.05. Bí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ eré, tí ó ti ṣe íníǹgì 60 pẹ̀lú ERA 1.80 kan náà, bá kàgbákò irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, 2.55 ni tirẹ̀ yóò dà. Alẹ́ kan náà ni, ayò kan náà ni, síbẹ̀ ọ̀kan ti di ẹni tí a fẹ́ lé kúrò nílé, èkejì sì ṣì jẹ́ ààyò wa.

Ẹ wo Edwin Díaz. Ní ọdún 2018, nígbà tí ó wà ní Seattle, ERA rẹ̀ jẹ́ 1.96, ó sì gba save 57 (save ni àmì tí wọ́n ń fún arọ́pò tí ó parí eré láìjẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù ayò tí ó fi ń ṣáájú), ni New York Mets bá fi àwọn ọ̀dọ́ pàtàkì gbà á. Ní ọdún 2019, ERA rẹ̀ fò sókè sí 5.59, àwọn olólùfẹ́ Mets sì ń pariwo pé kí wọ́n gbé e kúrò lójú àwọn. Ní ọdún 2022, ọkùnrin kan náà, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún kan náà, ní ERA 1.31. Èmi náà rí irú rẹ̀ nítòsí. Trevor Rosenthal wá sí Washington ní ọdún 2019 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní ìgbọ̀nwọ́. Nígbà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jáde, kò lé ẹnì kan ṣoṣo kúrò. Mo rántí bí ó ṣe máa ń dúró lórí òkìtì àárín pápá, tí yóò ju bọ́ọ̀lù tí ó le bí ìbọn, tí ẹni tí ń gbá a mú yóò sì ní láti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó bá a, nítorí pé bọ́ọ̀lù náà kò mọ ibi tí ó ń lọ. Kí oṣù kẹfà tó parí, wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀, mo sì sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé ó ti tán. Ní ọdún 2020, ní Kansas City àti San Diego, ERA rẹ̀ jẹ́ 1.90. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá arọ́pò kan ti bàjẹ́ ní tòótọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ERA oṣù kan. Ẹ wò ó bóyá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì ń yára bí ó ṣe ń yára tẹ́lẹ̀, bóyá ó ṣì ń mú kí àwọn alùbọ́ọ̀lù gbá afẹ́fẹ́, àti bóyá ó ṣì lè sọ bọ́ọ̀lù síbi tí ó fẹ́.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni kí a máa di gbogbo ẹ̀bi ru ẹni tí a rí lórí òkìtì nígbà tí nǹkan bàjẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ eré fúnra rẹ̀ a máa ṣi ènìyàn lọ́nà níhìn-ín. Bí ajubọ́ọ̀lù kan bá fi ènìyàn méjì sílẹ̀ lórí béèsì (ibùdó tí alùbọ́ọ̀lù máa ń sáré dé kí ó tó wọlé) kí wọ́n tó yọ ọ́, tí arọ́pò tí ó gba iṣẹ́ náà sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì wọlé, orí ẹni àkọ́kọ́ ni wọn yóò ka ayò náà sí, ERA ti arọ́pò kò sì ní yí padà rárá. Nítorí èyí, arọ́pò kan lè máa ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́ lójoojúmọ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì dára, òmíràn sì lè jẹ́ akíkanjú tí àwọn tí ń gbapò rẹ̀ ń kó bá. Ẹ béèrè iye ènìyàn tí ó bá lórí béèsì, àti mélòó nínú wọn ni ó jẹ́ kí ó wọlé.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹlẹ́bi kankan. Ní eré keje World Series 2019, ìdíje àṣekágbá láàárín Washington àti Houston, Houston ń ṣáájú pẹ̀lú ayò 2 sí 1 ní íníǹgì keje nígbà tí wọ́n yọ Zack Greinke, tí ó ti ju bọ́ọ̀lù 80 péré, tí wọ́n sì fi Will Harris rọ́pò rẹ̀. ERA Harris ní sáà náà jẹ́ 1.50. Ó sọ bọ́ọ̀lù kan sísàlẹ̀, ní etí ìta, níbi tí ó jìnnà sí Howie Kendrick gan-an. Kendrick na ọwọ́ jáde, ó bá a, bọ́ọ̀lù náà fò lọ títí ó fi kọlu òpó ààlà ní apá ọ̀tún. Ó di home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a kà sí pé ó jáde kúrò ní pápá, tí alùbọ́ọ̀lù àti ẹni tí ó wà lórí béèsì sì wọlé, Washington gba iwájú, wọn kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Inú mi dùn dé ibi tí n kò lè sọ, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé Harris ju bọ́ọ̀lù burúkú. Bọ́ọ̀lù tí ó yẹ kí ó jù ni ó jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá Houston jiyàn lórí ìdí tí ó fi yọ Greinke ní ọ̀rọ̀ láti sọ, àmọ́ kí a má ṣe sọ Harris di ẹni tí kò mọ iṣẹ́ nítorí òpó kan.

Àwọn kan tún gbàgbọ́ pé closer, ẹni tí ń parí eré, ni gbogbo bullpen, àti pé bí a bá ti ra closer ńlá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ save ni ó fa èyí. Ọdún 1969 ni wọ́n sọ save di àkọsílẹ̀ tí ìjọba eré náà fọwọ́ sí, ẹni tí ó bá sì wọlé ní íníǹgì ìkẹyìn nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ayò 3 ṣáájú lè gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí ó le jù lọ lè ti kọjá ní íníǹgì keje, nígbà tí béèsì kún tí ayò kan péré sì wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Baltimore ni ó fi èyí hàn wá kedere, ó sì ṣì ń dun àwọn aládùúgbò wa tí ń tẹ̀lé Orioles títí di òní. Ní ọdún 2016, Zack Britton gba save 47 láìpàdánù ọ̀kan, ERA rẹ̀ sì jẹ́ 0.54. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, nínú eré kan ṣoṣo tí ó máa pinnu ẹni tí yóò tẹ̀ síwájú, ayò 2 sí 2 ni wọ́n wà pẹ̀lú Toronto. Britton na ara títí nínú bullpen, ṣùgbọ́n wọn kò pè é, nítorí pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí wọn yóò ṣáájú. Ní íníǹgì kọkànlá, Edwin Encarnación lu bọ́ọ̀lù Ubaldo Jiménez jáde kúrò ní pápá pẹ̀lú ènìyàn méjì lórí béèsì, sáà Baltimore sì parí níbẹ̀, pẹ̀lú Britton ní ìjókòó. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè fún ẹlòmíràn. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń lò ó.

Kí ẹ tó dá bullpen lẹ́bi, ẹ tún wo àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀ eré. Láti ọdún 2022, ajubọ́ọ̀lù 13 péré ni ẹgbẹ́ kan lè ní nínú agbábọ́ọ̀lù 26. Bí àwọn márùn-ún tí ń bẹ̀rẹ̀ eré kò bá lè kọjá íníǹgì kẹrin, arọ́pò mẹ́jọ ni yóò máa ru ẹrù tí ó kù lójoojúmọ́, apá wọn yóò sì rẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó dé. Ríra closer sórí irú ìṣòro yìí dà bí ẹni tí ń kun ògiri nígbà tí òrùlé ń jò.

Ibi tí ó ká mi lára jù ni iye tí a ń fẹ́ san. Ìbínú alẹ́ kan a máa mú kí ènìyàn fi ọdún mẹ́wàá ra oṣù méjì. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1997, Seattle ní ẹgbẹ́ tí ó lágbára gan-an, tí ó lu home run 264 ní sáà náà, ṣùgbọ́n bullpen wọn ń jò. Wọ́n gba Heathcliff Slocumb, ẹni tí ERA rẹ̀ ní Boston ti kọjá 5 nígbà náà, wọ́n sì fi ọ̀dọ́ méjì sílẹ̀ fún un: Derek Lowe àti Jason Varitek. Baltimore lé Seattle jáde ní ìpele àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn. Ní ọdún 2004, nígbà tí Boston gba World Series lẹ́ẹ̀kìíní láti ọdún 1918, Lowe ni ó borí nínú eré tí ó parí ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta, Varitek sì ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù mú fún ẹgbẹ́ náà.

Boston fúnra rẹ̀ ti jìyà irú rẹ̀ rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, wọ́n fi Jeff Bagwell gba Larry Andersen láti Houston. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé Andersen kò já wọn kulẹ̀: íníǹgì 22 ni ó ṣe, ERA rẹ̀ sì jẹ́ 1.23. Ṣùgbọ́n Oakland na Boston ní eré mẹ́rin léraléra, Andersen kó lọ sí San Diego, Bagwell sì lu home run 449 fún Houston. Ẹni tí a rà ṣe gbogbo ohun tí a rà á fún, a sì tún jẹ gbèsè.

N kò sọ pé kí a má ṣe san owó ńlá láé. Ní ọdún 2016, Chicago Cubs fi Gleyber Torres àti àwọn mẹ́ta mìíràn gba Aroldis Chapman lọ́wọ́ Yankees. Chapman lo oṣù mẹ́ta, ó padà sí ọ̀dọ̀ Yankees ní oṣù Kejìlá, Torres sì di gbajúmọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ Cubs gba ife tí wọn kò tíì rí láti ọdún 1908. Ní tèmi, iye náà tọ́, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó borí nínú eré 103 lọ́dún náà kò ní àlébù mìíràn tí ó tó èyí. Ẹgbẹ́ yín ha rí bẹ́ẹ̀ bí? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn alùbọ́ọ̀lù yín kò rí ayò mú wọlé, tí ẹ sì wà ní ipò kẹta, Chapman kò lè gbà yín.

Òfin náà kò gbọdọ̀ ṣe àjèjì sí wa. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé kí ẹgbẹ́ wọn fi àǹfààní àkọ́kọ́ láti yan ọ̀dọ́ tuntun lọ́dún tí ń bọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, a kì í ta àǹfààní yẹn. Agbábọ́ọ̀lù tí ó ti lo ọdún 10 ní líìgì ńlá, tí márùn-ún tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀ sì jẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan náà, lè kọ̀ láti lọ. Láti ọdún 2020, arọ́pò gbọ́dọ̀ kojú alùbọ́ọ̀lù mẹ́ta ó kéré tán, àyàfi tí íníǹgì bá parí, nítorí náà, ọlọ́wọ́ òsì tí ẹ fẹ́ rà nítorí alùbọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kò níyelórí bíi ti àtijọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2019, ariwo orúkọ ńlá ni àwa ń pa ní Washington. Arọ́pò mẹ́ta tí kò sí ẹni tí ó kọrin wọn ni wọ́n mú wá. Ọ̀kan nínú wọn ni Daniel Hudson, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹgbẹ́ kan sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà. Toronto ni wọ́n ti gbà á, ajubọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ kan láti líìgì kékeré ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un. Mo bínú débi pé mo pa tẹlifíṣọ̀n. ERA rẹ̀ fún wa jẹ́ 1.44. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, ní Houston, nínú eré keje World Series tí mo sọ lókè, Patrick Corbin, tí ó jẹ́ ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ eré, ti ṣe íníǹgì mẹ́ta láti inú bullpen láìjẹ́ kí ayò kan wọlé kí Hudson tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Michael Brantley, alùbọ́ọ̀lù Houston tí ó kẹ́yìn, fi igi gbá afẹ́fẹ́, ife di tiwa, Hudson sì yíjú sí ìjókòó ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi gbogbo agbára ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sọnù.