Eré orin ìkówójọ láti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ olórin kíláásíkà: bí ẹ ṣe máa ṣètò rẹ̀

Kí ẹ tó mú orin kankan, ẹ kọ iṣẹ́ tí owó náà máa ṣe sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. “Láti ran àwọn aláìní lọ́wọ́” kò tíì tó. “Láti ra bẹ́ẹ̀dì 6 fún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé” ló ń jẹ́ kí ẹni tó wá gbọ́ orin mọ ohun tí òun ń dáwó fún. Ó pẹ́ tí irú ìkéde báyìí ti ń so èso. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Messiah, orin ẹ̀sìn gígùn tí Handel, olórin kíláásíkà, kọ, jáde ní Dublin ní Ireland ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1742, wọ́n ti polongo ṣáájú pé àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè àti ilé ìwòsàn méjì ló ni owó náà. Èèyàn 142 ni owó ọ̀hún yọ kúrò lẹ́wọ̀n.

Níbi yíyan orin ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́. Olùkọ́ á fẹ́ kí ọmọ fi orin líle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ han ayé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Níwájú èrò, àyà á já, ọwọ́ á tutù, èémí á kúrú, ọmọ á sì máa sáré ju bó ṣe ń ṣe nílé lọ. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nílé, ibẹ̀ gan-an ló máa há sí. Orin tó ti mọ̀ dáadáa láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni kó mú wá. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó lù ú níwájú èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láìdúró. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pààrọ̀ orin náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kí gbogbo ètò má ju ìṣẹ́jú 70 lọ, kí orin fúnra rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Àtẹ́wọ́, gbígbé àga, ọ̀rọ̀ ìkíni àti ìdáwó ló máa jẹ ìyókù. Orin àjùmọ̀lù ni kó ṣíwájú kí ẹ̀rù gbogbo wọn lè fúyẹ́ pa pọ̀, kí àwọn tó kéré jù tẹ̀ lé e kí oorun tó gbé wọn. Ẹ to àwọn orin tó ń lo píánò tẹ̀ léra, kí ẹ má baà máa tì í kiri. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, orin di ti gbogbo ayé ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, àmọ́ ẹni tó tún un tò fún violin mẹ́ta lè ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí àtúntò rẹ̀. Ẹ wo orúkọ méjèèjì lára ìwé orin.

Mímú ohùn àwọn ohun èlò bára mu ni kí ẹ fún ní àkókò jù lọ. Píánò kò ṣeé yí ohùn rẹ̀ padà lójú agbo, ìdí nìyí tí àwọn yòókù fi ń tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí ohùn A, ìyẹn ohùn tí àwọn olórin fi ń wọn ohun èlò wọn, dún ní 440 Hz (kó máa gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọn-ohùn orí fóònù yẹ píánò gbọ̀ngàn náà wò nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó bá wálẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ń lu ohun èlò olókùn bíi violin lè dẹ okùn wọn, onífèrè náà lè fa orí fèrè rẹ̀ síta díẹ̀. Bó bá ga ju ohùn fèrè lọ ni wàhálà dé, torí orí fèrè tí wọ́n ti tì wọlé tán kò ní ibi tó tún máa lọ. Ibi tí píánò máa dúró sí lọ́jọ́ náà ni kí ẹni tó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe ti bá a. Kí ẹ tún un ṣe tán kí ẹ tó wá gbé e gun orí ìtàgé, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Iná ìtàgé tún ń dá kún un. Ooru ń mú okùn rọ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Ooru kan náà ń gbé ohùn fèrè sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi bára mu nínú yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n á sì tú ká níwájú èrò. Kí àwọn onífèrè kọ́kọ́ fọn fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà kí gbogbo wọn mú ohùn dọ́gba lábẹ́ iná gan-an. Okùn tuntun máa ń nà fún ọjọ́ mélòó kan, torí náà ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kí ẹ so ó. Ẹ fi àgbàlagbà kan sẹ́yìn ìtàgé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yí èèkàn violin, èyí tó ń fa okùn le tàbí tó ń dẹ̀ ẹ́, fún àwọn ọmọ kéékèèké, kí okùn àpamọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá okùn E tó tín-ín-rín tó sì ń tètè já. Ìwọ̀n violin ọmọ kọ̀ọ̀kan, 1/4, 1/2 tàbí 3/4, ni kí okùn rẹ̀ bá mu.

Àga tí kò ní apá ni onícello (cello ni ohun èlò olókùn ńlá tó dà bíi violin, tí wọ́n ń jókòó lù) nílò, pẹ̀lú rọ́bà tàbí bẹ́líìtì tí a so mọ́ ẹsẹ̀ àga kí irin ìdí cello má baà yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ méjì-méjì ló ń di ìwé orin mú lábẹ́ fáànù. Ìdánrawò tó gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wáyé nínú gbọ̀ngàn náà, pẹ̀lú aṣọ àti bàtà ọjọ́ eré: bí wọ́n ṣe máa wọlé, tẹríba, jáde. Fún ẹni tó ń lu orin láìwo ìwé, ẹ sàmì sí ibi mẹ́rin tó ti lè bẹ̀rẹ̀ padà bí orin bá sá mọ́ ọn lórí, kí ẹni tó ń bá a lu píánò sì mọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ máa tún kọsẹ̀ níbi kan náà.

Owó: ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn ni kó gbà á lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n jọ kà á, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé. Ẹ má gba owó sínú àkáǹtì ẹnì kan. Bí ẹ bá máa yọ owó gbọ̀ngàn nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì; ó sàn jù kí onínúure kan bá yín san án lọ́tọ̀. Kí orin ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ tọrọ ìdáwó, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ àwọn èèyàn ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó, láti ẹnu ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má ṣe fa aláìsàn tàbí ọmọ òrukàn sókè fún ìwòran. Ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí lórí ìwé kí ẹ tó ya àwòrán ọmọ kankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kéde iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n rà, kí rìsíìtì náà sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó lu orin.