Géètì tó dí ọ̀nà àsálà wa

Mo ti sanwó ilé kí n tó wo máàpù, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ilé etíkun ni, ọ̀sẹ̀ méjì, fún èmi, àwọn ọmọ àti màmá mi tí orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Alẹ́ ọjọ́ tí mo sanwó tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí máàpù ewu sùnámì (ìgbì òkun ńlá tí ilẹ̀ mímì sábà máa ń fà) ti agbègbè náà: inú pupa gan-an, ibi tí ewu wà, ni ilé wa bọ́ sí. Mo ní kí onílé dá owó mi padà. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Wọ́n ti fa ọ̀nà àsálà sórí máàpù, láti ẹ̀yìn ilé dé orí òkè. Ọjọ́ tí a débẹ̀ ni mo fẹsẹ̀ tọ̀ ọ́. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi kan géètì onírin, àgádágodo ńlá lẹ́nu rẹ̀. Onílé ní àwọn tó ni ilẹ̀ òkè ló tì í. Àwọn yẹn ní ọ́fíìsì ìlú ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ́fíìsì ní kí n lọ bi onílé. Odindi ọjọ́ mẹ́ta! Bẹ́ẹ̀, bí ilẹ̀ bá mì nítòsí, ìgbì lè dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lójú agbami, ó ń sáré tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan, bíi ti ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹnìkan ní kí n gba orí afárá. Inú bí mi: odò ni afárá yẹn dá kọjá, ẹnu odò sì ni sùnámì máa ń gbà wọ inú ilẹ̀ lọ. Mo padà sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kẹta, mo jókòó, n kò dìde títí wọ́n fi rán ẹni tó wá já àgádágodo náà. Gbogbo àdúgbò ló ń gbabẹ̀ báyìí, orí mi sì wú.

Èmi nìkan, ìṣẹ́jú 9 ni mo fi dókè. Pẹ̀lú màmá, ìṣẹ́jú 21. Ti màmá ni mo fi ṣírò. A tún rìn ín lóru, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sanwó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí ilé ṣe ga tó sí òkun. Ibi tó ga tó 30 mítà, tàbí tó jìnnà sétíkun tó kìlómítà 3, ni ẹ máa sá lọ.

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé bí ilẹ̀ bá mì tagbára-tagbára, tàbí tí òkun fà sẹ́yìn lójijì, kí wọ́n má dúró de ìkìlọ̀ kankan. Bí a bá sì ti gòkè, a ò ní tètè sọ̀. Nígbà tí sùnámì kọlu ìlú Hilo, ní Hawaii, lọ́dún 1960, ìgbì àkọ́kọ́ kéré. Ìkẹta ló pa ènìyàn.