Bí a ṣe ń gbin píà sẹ́yìnkùlé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Omi tó dúró nídìí ló ń pa píà jù lágbègbè wa, kì í ṣe ọ̀dá. Gbòǹgbò píà kì í jìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fa oúnjẹ kò kọjá ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì nínú ilẹ̀. Bí òjò oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án bá mú ilẹ̀ yó fún ọjọ́ mélòó kan, gbòǹgbò ò ní rí afẹ́fẹ́ mọ́, àrùn inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Phytophthora á sì ráyè wọlé. Ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, á pọ́n rúsúrúsú, ẹ̀ka á máa gbẹ láti ṣóńṣó wá sísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi rí ìyẹn, gbòǹgbò ti dúdú, kò sì sí oògùn tó rọrùn fún un.

Torí náà, ibi tí ẹ máa gbìn ín sí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà, kí ẹ tún rọ òmíràn kún un nírọ̀lẹ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ má gbin píà sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ níbẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní ẹ̀bá odò Àlà àti láwọn ibi tó rẹlẹ̀. Ẹ kọ ebè ńlá tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, tó sì fẹ̀ tó mítà méjì, kí ẹ gbìn ín sí orí rẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 25 sílẹ̀ láàárín igi àti ilé, kó jìnnà sí sókàwéè àti wáyà iná.

Kóró píà kì í bí ara rẹ̀. Kóró inú èyí tó dùn jù lè so èyí tó kún fún omi. Igi tó ti ara kóró wá lè gba ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó so. Èyí tí a lẹ ẹ̀ka igi mìíràn mọ́ sábà máa ń so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ó sì ti mọ irú ohun tó máa so. Ẹ má torí orúkọ ra irú píà tí wọ́n ń pè ní Hass. Ibi tútù ló fẹ́, irú Jos àti Mambilla. Ìran West Indies, tí èso rẹ̀ tóbi tí awọ rẹ̀ ń dán, ló bá ooru tiwa mu.

Bí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ fọ kóró tó jáde nínú píà tó gbó dáadáa, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ gbìn ín kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, torí bó bá gbẹ, kò ní hù mọ́. Ọ̀rá dúdú tó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́wàá, tó ga ní íǹṣì 14, tí a lu nísàlẹ̀, ló dára. Ilẹ̀ òkè ìdá mẹ́ta, iyanrìn ìdá kan, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ìdá kan. Ìdí kóró tó fẹ̀ ló ń lọ sísàlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á wà ní déédéé ilẹ̀. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Ó máa ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Nígbà tí igi rẹ̀ bá nípọn tó pẹ́ńsù, ẹ lọ gé ṣóńṣó ẹ̀ka lára igi tí ẹ ti jẹ èso rẹ̀. Kó gùn tó íǹṣì mẹ́rin, kó nípọn bákan náà pẹ̀lú igi inú ọ̀rá, kí ojú rẹ̀ ti wú ṣùgbọ́n kó má tíì là. Ẹ gé ewé rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi igi ewé díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gé igi inú ọ̀rá ní ìwọ̀n íǹṣì mẹ́jọ sí ilẹ̀, ẹ là á láàárín ní íǹṣì kan àbọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gbẹ́ ìdí ẹ̀ka náà lọ́tùn-ún lósì kó tín-ín-rín nísàlẹ̀, kí ẹ wá tì í bọ ibi tí ẹ là. Ibi tí gbogbo rẹ̀ wà nìyí: èèpo tútù ẹ̀ka àti ti ìdí igi gbọ́dọ̀ pàdé ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó kéré tán. Ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ dì í pinpin láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ fi ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ bo orí rẹ̀, kí ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji. Ó máa ń rúwé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún. Ọ̀bẹ tó kú, ojú ọgbẹ́ tó ti gbẹ kí a tó dì í, àti omi tó wọ inú rẹ̀ ló sábà ń bà á jẹ́. Ẹ máa yọ ẹ̀ka tó bá hù nísàlẹ̀ ojú ibi tí ẹ lẹ̀.

Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹfà. Ihò ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gbogbo ọ̀nà tó. Ẹ po korobá ìgbẹ́ adìyẹ kan tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀ òkè. Ìgbẹ́ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ajílẹ̀ NPK náà kò gbọ́dọ̀ wọnú ihò. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ tó di gbòǹgbò mú fọ́. Ẹ má gbìn ín jinlẹ̀ ju bó ṣe wà nínú ọ̀rá lọ.

Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rin, ṣùgbọ́n kó má kan igi, torí ikán. Èèpo kòkó tó ti jẹrà pátápátá náà dára. Tútù rẹ̀ ni kí ẹ yẹra fún, torí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú àti èyí tó ń jẹ gbòǹgbò píà, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹ má fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi tu koríko. Ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́, lítà omi 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ fi gíráàmù 50 NPK 15-15-15 yí i ká ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí, kí ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tí ilẹ̀ bá tutù. Ní ọdún kejì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Àfòmọ́ tó bá mú ẹ̀ka, ẹ má kàn já a. Ẹ gé ẹ̀ka náà kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ ibi tó ti mú un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún hù.

Òdòdó píà máa ń ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Á kọ́kọ́ ṣe abo, á pa dé, á wá ṣe akọ lọ́jọ́ kejì. Àwọn igi kan ń ṣe abo láàárọ̀, àwọn mìíràn lọ́sàn-án, ìdí nìyí tí igi kan ṣoṣo fi lè yọ òdòdó púpọ̀ kó so díẹ̀. Bí aládùúgbò yín bá ní píà, ẹ ti rí ìrànlọ́wọ́. Ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò lásìkò òdòdó, torí oyin ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Òdòdó tó ń rẹ̀ dànù kì í ṣe àrùn.

Píà kì í rọ̀ lórí igi. Ẹ já ẹyọ kan, ẹ là á. Bí awọ tó bo kóró bá ti fẹ́lẹ́ tó ti ṣú, ó ti gbó. Bó bá ṣì funfun tó nípọn, ẹ dúró. Ẹ má gbo igi, torí èso tó bá já lulẹ̀ ibi tó ti ṣèṣe ló ń ti jẹrà. Ọ̀pá gígùn tí a so àpò mọ́ lórí ni kí ẹ fi ká a, kí ìrù kékeré kù lórí rẹ̀. Á rọ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá. Bó bá ń kánjú yín, ẹ dì í pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n.