Bí A Ṣe Gbe Omi Òjò fún Ilé-Ìwé Abúlé Kan

Èèyàn méje péré ni wá nínú ẹgbẹ́ wa. Oṣooṣù là ń dá owó jọ láti fi ran ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́wọ́ ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, báàgì àti ìwé là ń fún àwọn ọmọ, a ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè rí bóyá ohun tí wọ́n nílò jù nìyẹn. Nígbà tó kan èmi láti lọ bá wọn ṣètò iṣẹ́ ọdún, kọ̀ǹpútà ni mo ní lọ́kàn. Màmá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Jẹ́ ká jọ dúró síbí títí aago mẹ́sàn-án yóò fi lù."

Aago mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejì ni, ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán. Ojú mi báyìí ni mo fi ka ọmọ 23 tí wọ́n ru kẹ́ẹ̀gì omi bọ̀ láti odò lẹ́yìn tí aago ti lù, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan wọn sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú mi. Omi ti jò sẹ́yìn rẹ̀ wọ inú báàgì. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ. Yíǹkì ti ṣàn kọjá ìlà. Ìwé tí àwa fún un ni. Mi ò dárúkọ kọ̀ǹpútà mọ́.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ká gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, èèyàn lè gbẹ́ ẹ títí kó má kan omi, bí a bá sì rí omi, ẹ̀rọ tó ń fà á á máa béèrè iná àti àtúnṣe. Òrùlé ilé-ìwé ti wà níbẹ̀ ní tiẹ̀, páànù rẹ̀ ṣì dára. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ gbè.

Àṣẹ la kọ́kọ́ gbà. Ilé-ìwé ìjọba ni, a ò lè ṣàdédé gun òrùlé rẹ̀. Màmá ọ̀gá kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwa kọ tiwa mọ́ ọn, ìgbìmọ̀ SBMC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, tí àwọn òbí àti Baálẹ̀ wà nínú rẹ̀, sì fọwọ́ sí i.

Ìṣirò tẹ̀ lé e. Òjò mìlímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà omi 1. Òrùlé náà jẹ́ mítà 20 ní 8, ìyẹn 160. Òjò mìlímítà 10 á mú lítà 1,600 wá, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún la kà sí tiwa, nítorí omi á ta dànù, a ó sì ya ti àkọ́kọ́ sọ́tọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, òjò bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló máa kún táǹkì onílítà 5,000. Ọmọ 140 ni wọ́n. Bí kálukú bá ń lo lítà méjì lójúmọ́ fún mímu àti fífọ ọwọ́, ọjọ́ 17 ni yóò gbé wọn. Bó bá jẹ́ mímu nìkan, lítà kan fún kálukú, ọjọ́ 35. Mo kọ iye yìí sára pátákó kíláàsì kí gbogbo òbí lè rí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé a ti parí ìyà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibi tí mo ti kùnà ni ìpìlẹ̀ tí táǹkì máa jókòó lé. Omi lítà 5,000 wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì 100, tí àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 50. Ọjọ́ tí bíríkìlà dà á, mo wà nílùú. Wọ́n fi erùpẹ̀ rírọ̀ kún inú búlọ́ọ̀kù, wọn ò gún un dáadáa kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Òjò méjì péré, táǹkì ò tíì kún dé ìdajì, ìpìlẹ̀ náà ti dagẹ̀rẹ̀ sápá kan. Mo gbé ìgò omi lé orí kọnkéré náà, omi inú rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àyà mi já, nítorí ọmọdé ló ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Màmá ọ̀gá ránṣẹ́ pe àwọn ìyá abúlé kí wọ́n wá pọn omi náà, kó má ṣòfò. A wó o, a fi òkúta kún inú rẹ̀, a ń gún un ní ìpele-ìpele. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó tì wọ́n títí ó fi gbẹ.

Ìyókù ò le. Ojú ọ̀nà omi etí òrùlé ń dagẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà 2 kọ̀ọ̀kan. Okùn ni pọ́ḿbà fi wọ̀n ọ́n. Omi àkọ́kọ́, tó ń fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù, ń lọ sínú ike ńlá onílítà 100. Ìgbà tíyẹn bá kún ni omi tó túbọ̀ mọ́ ń wọ táǹkì. Ti inú ike ni wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Táǹkì dúdú la rà, kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé kí ewé-omi má hù níbẹ̀. Àwọ̀n wà lẹ́nu gbogbo ihò nítorí ẹ̀fọn, a sì gbé ẹ̀rọ omi sókè díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má bá omi jáde. Kí wọ́n tó mu ún, olùkọ́ kan ń fi oògùn kíloríìnì sí i.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ táǹkì náà, àti ẹni tó lè pọn omi rẹ̀, ló gba ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko. Àwọn ìyá náà nílò omi, kò sì sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ìyá kan nínú SBMC ló rí ọ̀nà àbáyọ: ká fi ọ̀dà pupa sàmì sí àárín táǹkì. Bí omi bá ga ju àmì, wọ́n lè pọn korobá kọ̀ọ̀kan ní Sátidé. Bó bá ti dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó di ti àwọn ọmọ nìkan. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́rùn Màmá ọ̀gá, èkejì wà lọ́wọ́ ìyá yẹn.

Nígbà tí wọ́n wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, mo tún lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ọmọ mẹ́ta ló pẹ́, kò sí èyí tó ru kẹ́ẹ̀gì nínú wọn. Kí n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi àti Màmá ọ̀gá ti wọn òrùlé ilé kejì: mítà 14 ní 8.