Bí A Ṣe Lè Ran Ìfun Tó Ń Lọ́ra Lọ́wọ́

Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe àwọn èròjà kan tó jọ ti inú igbó (ewé tí àwọn kan ń fà bíi sìgá), irú bíi anandamide, tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí lọ́dún 1992. Bí ó bá so mọ́ ibi tí a ń pè ní CB1 lára iṣan ìmọ̀lára ìfun, yóò dín èròjà tí ń mú ìfun sún kù, ìfun yóò sì máa lọ́ra. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tí ẹ ní àìrígbẹ́yà, ẹ má fi igbó ṣe oògùn. Ìjánu kan náà ni yóò tún fà. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ fi ẹ̀fọ́ púpọ̀ jẹ làfún (Ẹ̀gbá wo ni yóò kọ̀ ọ́?), kí ẹ sì lọ sí ilé ìgbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, nígbà tí oúnjẹ ń ta ìfun ńlá jí. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ tọ dókítà lọ.